Ọmọ Onítìjú àti Iṣẹ́ Ìṣègùn Ẹranko

Kò sí olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí kò mọ irú ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ìjókòó ẹ̀yìn ni ó máa ń yàn. Bí olùkọ́ bá bi kíláàsì ní ìbéèrè, ó mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n kì í nawọ́ sókè. Bí wọ́n bá pè é wá síwájú pátákó, òógùn a bò ó, ohùn rẹ̀ a sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́ ohun tí ó wí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí kan náà bá dé ilé, àwọn ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ni ó máa ń kọ́kọ́ rí i pé adìyẹ kan kò jẹun láti àná. Òun sì ni ajá aládùúgbò tí ń gbó gbogbo ènìyàn kì í gbó. Bí ẹnì kan bá fi sùúrù bi í léèrè iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú, yóò wolẹ̀, yóò sì dáhùn ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé oníṣègùn ẹranko ni òun fẹ́ dà.

Nígbà púpọ̀, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Wọn yóò ní, ta ni yóò náwó rán ọmọ lọ sí yunifásítì nítorí àti wo ajá sàn? Àwọn mìíràn tí wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà yóò ní iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ kò lè ṣe é. Èrò méjèèjì ni kò tọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fúnra yín ni pé ìtìjú kò dí ọ̀nà iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń tijú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi iṣẹ́ náà kọ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ kí ó tó wọ yunifásítì, lẹ́yìn ìwé àti lẹ́yìn kíláàsì, láti ibi tí kò ti nílò ọ̀rọ̀ sísọ títí dé ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ ti di dandan.

IṢẸ́ TÍ KÌ Í ṢE IṢẸ́ Ẹ̀RÍN

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ń rẹ́rìn-ín lóhùn. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àjàkálẹ̀-àrùn màlúù kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rinderpest jà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Ó pa màlúù tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàn ńlá fi mú ní Ethiopia, tí àwọn darandaran ìhà ìlà-oòrùn àti ìhà gúúsù tí wọ́n ti jẹ́ ọlọ́rọ̀ rí fi di ẹni tí ń ṣagbe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó tún ṣẹ́ yọ ní Nàìjíríà, ó sì run ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo. Lónìí, kò sí i mọ́ níbikíbi lórí ilẹ̀ ayé. Ọdún 2011 ni a kéde òpin rẹ̀. Àrùn kan ṣoṣo tí ọmọ aráyé ti pa rẹ́ ṣáájú rẹ̀ ni àrùn ìgbóná, tí a kéde òpin tirẹ̀ ní ọdún 1980. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ṣe iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ẹranko àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ náà kọjá odò àti aṣálẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ darandaran tí ó jìnnà jùlọ.

Orílẹ̀-èdè wa kò dúró sẹ́yìn nínú irú ogun bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1924 ni ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti wà ní Vom, lẹ́bàá ìlú Jos, níbi tí a ti ń ṣe àjẹsára fún ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ yìí. Gbogbo ìyá tí ó bá sin ewúrẹ́ rí ni ó mọ àrùn tí a ń pè ní kata: ikun a máa dà ní imú ẹran náà, ipin a bo ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a bó, ìgbẹ́ gbuuru a sì gbé e lọ. Ní Côte d'Ivoire ni a ti kọ́kọ́ kọ nípa àrùn yìí sínú ìwé ní ọdún 1942. Ẹ sì jẹ́ kí inú wa dùn sí èyí: kòkòrò àrùn tí a fi ṣe àjẹsára kata tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, láti ara ẹran ilẹ̀ wa ni a ti gbà á ní ọdún 1975, orúkọ tí ó sì ń jẹ́ títí di òní ni Nigeria 75/1. Àwọn àjọ àgbáyé ti pinnu láti pa kata rẹ́ kúrò ní ayé nígbà tí ó bá fi di ọdún 2030. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nísinsìnyí ni yóò tọ́jú ẹran ìgbà náà, àwọn ni yóò sì máa ṣọ́ ọ kí àrùn náà má baà padà.

Kì í sì í ṣe ẹran nìkan ni ọ̀ràn náà kàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ni a ti kọ́kọ́ rí ọ̀fìnkìn ẹyẹ líle ní gbogbo Áfíríkà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ẹ tún wo àrùn dìgbòlugi. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kó o, nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o. Bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Nítorí náà, oníṣègùn tí ó gún ajá ní abẹ́rẹ́, ọmọ ènìyàn ni ó ń gbà là. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tomori, tí gbogbo ayé mọ̀ nínú ìmọ̀ nípa àwọn kòkòrò àrùn bí ti ibà Lassa àti Ebola, oníṣègùn ẹranko ni. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá ń rẹ́rìn-ín, kí ó rántí èyí.

FÈRÈSÉ TÍ Ọ̀PỌ̀ ENIYÀN Ń GBÀ WỌLÉ

A ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, ní Zaria, ní Nsukka, ní Maiduguri, ní Sokoto, ní Abẹ́òkúta, ní Ìlọrin àti ní àwọn ibòmíràn. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò ṣe ìdánwò JAMB nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, báólọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Ìdánwò náà dára ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò bi ọmọ léèrè bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti kan ewúrẹ́ rí, tàbí bóyá ó lè dúró ti màlúù tí ń bímọ ní ọ̀gànjọ́ òru.

Ohun tí ó wá ń ṣẹlẹ̀ kò pamọ́ fún ẹ̀yin olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fẹ́ ṣe ìṣègùn ènìyàn. Nígbà tí máàkì wọn kò tó, a yí wọn sí ti ẹranko. Lára wọn ni àwọn tí ìfẹ́ iṣẹ́ náà wọ̀ lọ́kàn lẹ́yìn náà, tí wọ́n sì di ọ̀jáfáfá. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń fi ọdún mẹ́fà gbé pẹ̀lú rẹ̀ bí ìyàwó tí a fi ipá fún lọ́kọ. Ní Amẹ́ríkà, ìwé tí ọmọ yóò kọ kí wọ́n tó gbà á ń béèrè iye wákàtí tí ó ti lò lábẹ́ oníṣègùn ẹranko, ó sì ń béèrè lọ́tọ̀ iye wákàtí tí ó ti fi tọ́jú ẹran níbòmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, wọ́n ń fẹ́ mọ oko àti ilé ìwòsàn tí ọmọ náà ti ṣiṣẹ́. Níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rò pé kò ṣe pàtàkì. Èmi wí pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ náà, kí ó bi ara rẹ̀. Bí ó bá lo ọdún kan láàárín àwọn ẹran, tí ó sì rí i pé iṣẹ́ náà kò bá òun mu, kò pàdánù nǹkan kan. Ọdún márùn-ún mìíràn ni ó jèrè.

OHUN TÍ ÌTÌJÚ LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ìtìjú kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìmọ̀kan. Ọ̀pọ̀ onítìjú ni ó jẹ́ pé ojú wọn ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹnu àwọn ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́. Níwájú ẹran, ẹ̀bùn ńlá ni èyí. Ẹni tí ó bá fi ariwo wọ inú ọgbà ẹran, ìjàyà ni yóò fi lé wọn sí igun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rọra rìn, tí ó fara hàn láti ẹ̀gbẹ́, tí kò sì yọ sí wọn láti ẹ̀yìn níbi tí màlúù kò ti lè ríran, yóò fọwọ́ kàn wọ́n.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Temple Grandin. A bí i ní ọdún 1947. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ ní kékeré, nítorí irú ìṣẹ̀dá tí àwọn oníṣègùn ń pè ní autism. Àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ sì nira fún un. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́langba, ó lọ lo ìsinmi ní oko màlúù mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní Arizona, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti fà mọ́ àwọn ẹran. Nígbà tí ó yá, òun ni ó ń bẹ̀rẹ̀ wọ inú ọ̀nà tóóró tí a ń da màlúù gbà, kí ó lè rí ohun tí ojú màlúù ń rí: òjìji lórí ilẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí ń mì, ẹ̀wù tí ẹnì kan fi kọ́ ara ọgbà. Ohun kékeré wọ̀nyí ni ó ń mú kí màlúù kọ̀ láti rìn, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi igi nà wọ́n lásán. Grandin kì í ṣe oníṣègùn ẹranko. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ó dákẹ́ tí ó ń wò lè rí ohun tí ọgọ́rùn-ún aláriwo kò rí.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ọmọ náà jẹ. Màlúù kì í sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ẹni tí ó ni ín ni ń gbẹnu sọ fún un. Láti ìgbà wo ni kò ti jẹun? Kí ni ó jẹ kẹ́yìn? Ṣé òmíràn ti kú nínú agbo? Ṣé ẹ ti fún un ní oògùn kan kí ẹ tó wá? Oníṣègùn tí ojú bá tì láti béèrè ìbéèrè wọ̀nyí yóò wo àrùn tí kò sí, yóò sì fi èyí tí ó wà sílẹ̀. Nítorí náà, ìdajì iṣẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè ṣe. Ìdajì yòókù, a gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Àwọn àgbà sì ti wí pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

ÌPELE MÁRÙN-ÚN

Ìpele kìn-ín-ní, inú ilé ni. Níhìn-ín, kò sí ọ̀rọ̀ láti bá ẹnikẹ́ni sọ. Kí ọmọ náà yan ẹran kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ewúrẹ́, kí ó sì máa wò ó fún ọgbọ̀n ọjọ́, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kí ó wo ìhà rẹ̀ bí ó ti ń wú tí ó sì ń fà, kí ó ka iye èémí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan: ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le, tí ó sì wà ní ìsinmi, yóò mí láàárín ìgbà 15 sí 30. Kí ó wò bóyá ó ń jẹ àpọ̀jẹ, bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ gbẹ ní kóró-kóró, bóyá etí rẹ̀ ró. Kí ó mọ̀ pé ìgbóná ara ewúrẹ́ jẹ́ nǹkan bí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí ti ènìyàn jẹ́ nǹkan bí 37. Ohun tí ó jẹ́ ibà fún wa lè jẹ́ àlàáfíà fún ewúrẹ́. Kí ó mọ̀ pé ọjọ́ 21 ni adìyẹ fi ń sàba, pé oyún ajá jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63, ti ewúrẹ́ nǹkan bí 150, ti màlúù nǹkan bí 280. Ẹni tí kò bá mọ bí ara líle ti rí, báwo ni yóò ti mọ àìsàn nígbà tí ó bá dé?

Ìpele kejì, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀. Èyí tí kò bá ní, kí ó dá a sílẹ̀. Ogún òròmọdìyẹ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ fi ọmọ onítìjú ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ó máa kọ iye oúnjẹ tí wọ́n jẹ, iye tí ó kú, ọjọ́ tí wọ́n gba àjẹsára lúkúlúkú, àti bí wọ́n ti ń tóbi sí i. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó dìde ka ohun tí ó kọ fún ẹgbẹ́. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Ọ̀rọ̀ àwọn adìyẹ ni ó ń kà láti inú ìwé. Ẹni tí kò lè dúró sọ̀rọ̀ lè dúró kà; bí ó bá sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìbẹ̀rù ohùn ara rẹ̀ yóò dín kù.

Ìpele kẹta, ilé ìwòsàn ẹranko ni, ìbáà ṣe ti ìjọba, ti yunifásítì, tàbí ti aládàáni. Ẹnu ọ̀nà ni onítìjú ti máa ń padà. Kí olùkọ́ kọ ìwé fún un, kí ọmọ náà sì ti kọ́ ohun tí yóò sọ sórí. Kò ju báyìí lọ: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí, ìwé tí olùkọ́ mi kọ sí yín nìyí. Mo fẹ́ di oníṣègùn ẹranko. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n máa wá ní ọjọ́ Sátidé, kí n máa gbálẹ̀, kí n máa bu omi fún àwọn ẹran, kí n sì máa wo bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́." Bí dókítà bá bi í pé, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ kì í bà ọ́ lẹ́rù?" kò yẹ kí ó purọ́. Kí ó dáhùn pé, "N kò tíì mọ̀, sà, ìdí tí mo fi wá nìyẹn." Ọ̀pọ̀ àgbà ni yóò fẹ́ràn ọmọ tí ó dáhùn bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní, ìgbálẹ̀ àti kórobá ni yóò jẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe kà á sí ìwọ̀sí. Ẹni tí ó bá ń fọ ilé ẹran ni ó ń rí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn, inú ìwọ̀nyí sì ni ìròyìn ara wọn wà. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò jẹ́ kí ó di orí ajá mú, kí ó kọ orúkọ àwọn tí ó wá sínú ìwé. Kí ó fi ṣe òfin fún ara rẹ̀ pé òun kò ní kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan láì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti lọ tí ọwọ́ dókítà sì dilẹ̀. Ìbéèrè kan ní Sátidé kan jẹ́ bí àádọ́ta ìbéèrè ní ọdún kan.

Ìpele kẹrin, ọjà ẹran àti odò ẹran ni. Kí ó má dá lọ. Kí ó bá wolé-wolé tàbí òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ẹran wò lọ, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ àti èyí tí kòkòrò ti jẹ, fùkù tí ó mọ́ àti èyí tí ikọ́ ife ti bàjẹ́. Yóò sì mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹran tí a kò yẹ̀ wò dé orí tábìlì ìyá rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni yóò ti pàdé àwọn ará wa láti òkè Ọya, àwọn tí ìmọ̀ màlúù ti wà nínú ìdílé wọn láti ìrandíran. Kí ó kọ́ bí a ti ń kí wọn ní èdè wọn. "Sannu" àti "Ina kwana" kò wúwo lẹ́nu. Oníṣègùn tí kò lè bá darandaran sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kò lè wo màlúù ilẹ̀ yìí sàn. Ìṣọ̀kan Nàìjíríà tí a ń kọrin rẹ̀ ní àpéjọ, iṣẹ́ yìí wà lára àwọn ibi tí a ti ń fi ọwọ́ ṣe é.

Ìpele karùn-ún ni ìpele ohùn. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ dìgbòlugi, nítorí pé ní ọjọ́ náà, ní ọdún 1895, ni Louis Pasteur kú, ẹni tí ó ṣe àjẹsára àrùn náà. Kí olùkọ́ fún ọmọ yìí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ní àpéjọ òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Kí ó sọ ohun mẹ́ta péré: ẹ gún ajá yín ní abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ajá tí ẹ kò mọ̀, bí ajá bá bu yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó mọ ohun tí ó ń sọ, tí ó sì mọ̀ pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀, yóò sọ ọ́ parí.

ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀

Kí ọmọ náà ní ìwé kan tí kì í fi sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni yóò máa kọ ọjọ́, ibi tí ó lọ, iye wákàtí tí ó lò, ẹran tí ó rí, ohun tí a ṣe fún un, àti ohun kan tí kò yé e. Kí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ máa fọwọ́ sí i lóṣooṣù. Ìwé yìí yóò wúlò bí ó bá fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní òkè òkun tàbí bí ó bá ń wá ìrànwọ́ owó. Ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ kò ju èyí lọ: onítìjú a máa gbàgbé ohun tí ó ti ṣe, a sì máa rántí ibi tí ó ti kálòlò nìkan. Bí ó bá ṣí ìwé rẹ̀, tí ó rí ọgọ́rùn-ún wákàtí níbẹ̀, yóò mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹni tí ó kàn ń lálàá.

Ìkìlọ̀ kan wà. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ kì í ṣe oníṣègùn. Kò gbọdọ̀ gún ẹran ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́, kò sì gbọdọ̀ ta oògùn. Àwọn tí Veterinary Council of Nigeria ti forúkọ wọn sílẹ̀ nìkan ni òfin gbà láàyè láti pe ara wọn ní oníṣègùn ẹranko. Àwọn tí ń gbé abẹ́rẹ́ kiri ọjà láì kọ́ ọ ti sọ ọ̀pọ̀ oògùn di aláìlágbára, nítorí wọ́n ń lò ó ní ìlòkulò, ìyókù oògùn náà a sì wà nínú ẹran àti ẹyin tí a ń jẹ. Kí ọmọ náà máa fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó sì máa gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu.

Ọ̀RỌ̀ SÍ Ẹ̀YIN OLÙKỌ́

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ onítìjú lè gbálẹ̀, ó lè kà, ó lè wo ẹran láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó nílò kan, ẹ̀yin ni ẹ lè bá a ṣí i. Ìwé kan tí ẹ kọ sí ilé ìwòsàn ẹranko kò gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ má ṣe fi ìtìjú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣe tì í sórí pèpéle ní ọjọ́ kìn-ín-ní pé ẹ fẹ́ fi ipá lé ìtìjú náà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn títí láé, kí ẹ máa wí pé bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn. Ẹ gbé e láti ìpele kan sí òmíràn.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Àwọn kan ń wí pé iṣẹ́ màlúù kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ta ni ó ń sin ewúrẹ́ àti adìyẹ nínú agbo ilé wa láti ìgbà àwọn baba ńlá wa bí kì í bá ṣe àwọn ìyá wa? Iṣẹ́ tí ìyá ti ń ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ ìbílẹ̀, kí ni ó burú bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá fi ìmọ̀ yunifásítì kún un?

Orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ bọ́ ara rẹ̀ kò lè máa dúró de àwọn tí ìdánwò mìíràn já kulẹ̀ kí wọ́n tó wá tọ́jú ẹran rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ iṣẹ́ náà láti ọkàn wá ni a ń wá, púpọ̀ nínú wọn sì ni kò lè pariwo pé àwọn nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ka ìwé yìí wo ìjókòó ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀. Bí ó bá rí ọmọ kan níbẹ̀ tí ó mọ orúkọ gbogbo ewúrẹ́ ilé wọn ṣùgbọ́n tí kò lè dárúkọ ara rẹ̀ sókè, kí ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, kí ó fi ìwé àkọsílẹ̀ kan lé e lọ́wọ́, kí ó sì wí fún un pé: "Lọ wo ẹran kan fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí o wá sọ ohun tí o rí fún mi."